Ọ̀rọ̀ Kan Péré tí Wọ́n Fi Dán Mi Wò Nílùú Òyìnbó

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo ti dé, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò tíì sinmi. Gbogbo ẹni tó bá yà sílé wa ní Ìsìkàn, ìbéèrè kan náà ni: "Mámà Tóbi, báwo ni ọ̀hún ṣe rí?" Mo ti ro ó fún ìyàwó pásítọ̀, mo ti ro ó fún obìnrin tó ń ránṣọ fún mi, mo ro ó fún ọkùnrin tó ń ta gáàsì títí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi bínú lọ. Ọkọ mi ló ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí etí òun lè sinmi. Ó dáa, mo ti ń kọ ọ́ nìyí. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí nípa físà àti ọkọ̀ òfuurufú o. Àwọn tó ń fi ìyẹn ṣiṣẹ́ ṣe pọ̀ nígboro Àkúrẹ́, ẹ lọ bá wọn. Ohun tí ojú èmi rí ni mo fẹ́ sọ, pàápàá ohun tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan fojú mi rí.

Kí n tó lọ

Ọmọ Oǹdó ni mí, Àkúrẹ́ ni mo lọ́kọ sí, iṣẹ́ títíṣà ni mo sì ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ láti ìgbà tí mi ò tíì bí ẹnì kankan títí di ìgbà tí Tóbi, àkọ́bí mi, fi wọ yunifásítì. Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní àwọn ń wá ẹnì kan tí yóò máa kọ́ àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì káàkiri ìpínlẹ̀ wa. Ẹni náà á kọ́kọ́ lọ lo oṣù mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú òyìnbó, á sì ṣe ìdánwò kan kó tó máa bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń jẹ́ kéèyàn ṣe é. Bí o bá yege, iṣẹ́ ti di tìẹ. Bí o bá fìdí rẹmi, wọ́n á mú ẹlòmíràn, ìwọ á padà sí kíláàsì rẹ, àwọn èèyàn á sì máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi ni wọ́n mú. Háà, ọ̀rọ̀ di ariwo ní yàrá àwọn olùkọ́! Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Màdáàmù, Gẹ̀ẹ́sì oníyán yín yìí lẹ fẹ́ gbé lọ bá àwọn tó ni ín? Ẹ máa rọra o, kí wọ́n má baà ní àwọn ò gbọ́ Yorùbá."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Bí mo bá la ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì, Oǹdó á ti gba iwájú jáde. Mo mọ ìwé, mo mọ gírámà, mo mọ gbogbo òfin rẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n mi ò gbàgbé ilé. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ara mi pé, bí mo bá tiẹ̀ máa gún àwọn ìwé yẹn lódó kí n gbé wọn mì, n ó yege.

Mo lọ sí Oǹdó lọ dágbére fún ìyá mi. Màmá ti dàgbà, kò lọ ilé ìwé, kò sì bẹ̀rù ẹni tó lọ. Èdè Oǹdó ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ìwé ni mo ń kọ ọ́ sí kí ará Ìkàrẹ́ náà lè gbọ́. Ó ní, "Wọn ò ní ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé wọn ni, tó fi jẹ́ ìwọ ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè?"

Mo ní, "Ìyá mi, èmi ni mo fẹ́ lọ kọ́ ọ o."

"O fẹ́ lọ kọ́ kí ni? O ò tíì mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yìí? Kí lo wá ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí?"

Ó gúnyán fún mi, ó dúró lé mi lórí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ó gbàdúrà, ó sì di ata gígún, gààrì àti ẹja gbígbẹ fún mi.

Ilé Màmá Margaret

Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ẹ má pè é ní ọyẹ́ o. Ọyẹ́ tiwa ní ojú àánú. Èyí wọ inú bàtà mi, ó wọ inú etí mi, eyín mi ń lu ara wọn. Gbogbo nǹkan sì parọ́rọ́. Mo ń wo àwọn ilé tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ilẹ̀kùn gbogbo wọn ti, mo ń ronú pé bóyá ẹnì kan ló kú ládùúgbò.

Opó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni wọ́n fi mí wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú sálúbàtà onírun, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní orúkọ òun ni Margaret, kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀. Èmi? Kí n máa pe ẹni tó lè bí mi ní Margaret gbẹrẹfu? Mo ní ẹnu mi ò ní lè sọ ọ́. A fà á síwá, a fà á sẹ́yìn, a wá fẹnu kò sí Màmá Margaret. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ kejì mo gbọ́ tó ń fi orúkọ náà yangàn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù.

Bí mo ti gbé ẹrù kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ "run" omi ìwẹ̀ fún mi. Títíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí, mo mọ̀ pé omi ló fẹ́ tú sínú ọpọ́n ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n mímọ̀ nínú ìwé yàtọ̀ sí kí wọ́n máa fi bá ọ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi ìwé kékeré sápò, mo ń kọ ọ́ bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mílíìkì ti tán, ó ní àwọn ti "run out". Imú rẹ̀ ń ṣomi, ó ń "run". Bọ́ọ̀sì kì í "run" dáadáa lọ́jọ́ Àìkú. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ṣọ́ọ̀bù bàtà ló "run" títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìbínú òjijì tó ń yọ òun lẹ́nu, ó ń "run" nínú ìdílé wọn ni, bàbá òun pàápàá ní i. Ó wá wo aago, ó pariwo, ó ní a ti ń "run late". A ò tíì dìde lórí àga o! Nínú gbogbo eré tí wọ́n sá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mo wá rántí pé àwa náà ń ṣe irú ẹ̀. Ẹ wo "pa" tiwa. A ń pa adìẹ, a ń pa iná, a ń pa àlọ́, a ń pa irọ́. Ebi ń pa wá, òjò ń pa wá, a tún délé ká ní ẹ̀rín pa wá, kò sì sẹ́ni tó kú. Àwa gan-an tún gba "run" lọ́wọ́ òyìnbó, a tún un ṣe. Ẹni tó bá ń ṣu lóòrèkóòrè, a ní "running stomach" ló ń ṣe é. Àwọn ọmọ ìwòyí fi "s" kan kún un, wọ́n ní àwọn ń ṣe "runs". Bí o bá gbọ́ ìyẹn, yáa má béèrè irú iṣẹ́ tó jẹ́.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Màmá Margaret ṣe gudugudu méje fún mi, n ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà inú agolo, tí wọ́n ti fi ṣúgà sí, tí wọ́n dà sórí búrẹ́dì láàárọ̀ kùtù, ta ló bí irú ẹ̀? Ó gún ọ̀dùnkún fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Inú mi dùn, mo wẹ ọwọ́, mo jókòó, mo ń retí ọbẹ̀. Ẹ̀wà tútù mélòó kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi omi gbé e mì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo yọ ata ìyá mi jáde. Màmá Margaret ní òun náà fẹ́ tọ́ ọ wò. Mo ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀." Ó ní rárá, òun kì í ṣe ọmọdé. Ó fi ìdí ṣíbí bu díẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé! Ojú rẹ̀ pọ́n, ó dìde, ó yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mejì, imú ń dà, ojú ń dà. Mo rò pé mo ti pa ìyá oníyàá. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó jókòó, ó ní kí n fún òun díẹ̀ sí i.

Àwọn ará ìlú

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ohun méjì ló kọ́kọ́ rú mi lójú. Àkọ́kọ́, àwọn èèyàn yẹn mọ pẹ̀lẹ́ sọ jù. Bí o bá tẹ ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀, àwọn ni wọ́n á bẹ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, tọmọdé tàgbà. Ìyẹn wù mí, mo sì fẹ́ kí á kó o wá sí Àkúrẹ́. Ìkejì ni pé wọn kì í kí ara wọn. O lè jókòó ti ẹnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìrìn, kí o má mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ọkùnrin kan wà tó ń gbálẹ̀ ojú títì wa láràárọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo kí i kú iṣẹ́. Ó dáwọ́ dúró, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mo ń bá wí. Lọ́jọ́ kejì mo kí i, ó fura sí mi, ó rò pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Ní ọjọ́ kẹta, kò dá mi lóhùn. Èmi ò sì dákẹ́, nǹkan kì í tètè sú ọmọ Oǹdó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, láti òkèèrè ló ti ń ju ọwọ́ sí mi, bí mo bá pẹ́, á ní ibo ni mo wà.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti sọ ara mi di ìran àpéwò. Wọ́n mú ọ̀gá àgbà wá kí wa, obìnrin tí irun rẹ̀ ti funfun. Bí mo ti rí i, mo kúnlẹ̀ kí i. Yéè! Wọ́n rò pé òòyì ló kọ́ mi. Ẹnì kan di apá mi mú, ẹnì kan sáré lọ bu omi, ọ̀gá àgbà gan-an ń wá àga tí n ó fi jókòó. Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe mí, mo ń kí wọn ni. Wọn ò gbà, wọ́n mú kí n mu omi náà tán.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa, Helen, pè mí sí kọ̀rọ̀. Ọmọdébìnrin dáadáa ni, ó kàn fi díẹ̀ ju Tóbi mi lọ. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ pé níbí, ẹnikẹ́ni kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó ń já àwọn èèyàn láyà. Ó ní kí n ṣọ́ra pàápàá nínú ìdánwò, nítorí gbogbo ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà, ohun tí mo bá sì kọ sínú ìwé ètò mi ni mo gbọ́dọ̀ ṣe, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Mo ṣèlérí fún un.

Ìdánwò náà ni pé olúkúlùkù wa á kọ́ kíláàsì kan ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, èyí tó wọ́pọ̀ lẹ́nu, pẹ̀lú oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó. Àwọn àgbàlagbà tó wá láti ìlú mìíràn, tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ni a ó kọ́. Obìnrin ará Ẹritíríà kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Selam, awọ ojú rẹ̀ máa ń tàn bó bá rẹ́rìn-ín. Àwọn kan wá láti Afuganísítánì, àwọn kan láti Yukréènì. Bàbá arúgbó kan sì wà, ará Síríà, Yusuf ni orúkọ rẹ̀. Igun lẹ́yìn lọ́hùn-ún ló máa ń jókòó sí, á fi ọ̀pá tilẹ̀, á máa wo ojú fèrèsé. Láti ìgbà tó ti ń bọ̀, ó ti ju ọdún kan lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Helen ní ká fi í sílẹ̀, ká má bi í ní ìbéèrè.

Inú abọ́ ni a ti mú ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tó ṣíwájú mi mú "table", ó fò sókè. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo tú ìwé mi, mo rí "run". Helen wò mí bí ìgbà tí wọ́n ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó ní òun ò mọ ọ̀rọ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ tó èyí nínú gbogbo èdè àwọn.

Ọjọ́ ìdánwò

Mo múra débi pé Màmá Margaret ló di kíláàsì mi nílé. Mo ya àwòrán, mo kọ ètò, mo mú ọ̀nà mẹ́sàn-án péré nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo ọ̀rọ̀ náà, nítorí ẹni tó bá ní òun máa kó gbogbo rẹ̀, ó di àṣedànù. Mo mọ ìṣẹ́jú tí n ó bọ́ sórí omi ẹ̀rọ, mo mọ ìṣẹ́jú tí n ó bọ́ sórí ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí mo wọlé, àwọn tó ń dán wa wò méjì ti jókòó lẹ́yìn, pẹ̀lú Helen. Obìnrin kan nínú wọn, tí a ò rí rí, gbé aago síwájú rẹ̀. Mo kọ RUN gàdàgbà sójú bọ́ọ̀dù. Mo béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo fi àwòrán hàn wọ́n. Wọ́n ń wo àwọn tó wà lẹ́yìn, ẹ̀rù ń bà wọ́n ju èmi lọ. Selam tó máa ń sọ̀rọ̀ gan-an wolẹ̀. Ahọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, mo gbọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, òógùn bò mí nínú òtútù yẹn. Mo béèrè ìbéèrè kejì, mo sì fi ẹnu ara mi dá a lóhùn. Mo mọ̀ pé mo ti ń lọ sódò.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Yusuf ni. Ó ti pẹ́, òjò ti rin fìlà rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òfin ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pẹ́, kó rọra wá ibi jókòó, kí olùkọ́ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo mọ òfin náà. Orí mi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ orí mi lọ́jọ́ yẹn. Àgbàlagbà wọlé, ó ti rẹ̀ ẹ́, kí n wà lórí ìdúró kí n máa kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù? Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Yorùbá ló tún jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ kú òjò o."

Mo rí Helen tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rí obìnrin aago tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ó tán, Olúrẹ̀mí, o ti ba tìrẹ jẹ́, máa padà sílé.

Selam ló kọ́kọ́ dìde. Ó dìde dúró, ó tẹ orí ba fún bàbá. Ọkùnrin ará Afuganísítánì kan dìde, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ẹni tó tẹ̀ lé e dìde. Kí n tó gbé orúnkún mi nílẹ̀, gbogbo kíláàsì ló ti wà lórí ìdúró. Àṣé nílé tiwọn náà, àgbà kì í wọlé kí ọmọ jókòó tẹpẹrẹ! Wọ́n ti ń gbé e pamọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé ìlú yẹn, bí èmi náà ṣe ṣèlérí pé n ó gbé tèmi pamọ́. Bàbá Yusuf wò wá yíká. Ó gbé ọwọ́ lé àyà tirẹ̀, ó sọ nǹkan kan lédè rẹ̀. Mo gbé àga olùkọ́, mo gbé e síwájú gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù, mo gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi í jókòó.

Ó wo ọ̀rọ̀ tí mo kọ sójú bọ́ọ̀dù. Ó wúkọ́. Ó wá sọ̀rọ̀.

Ó ní, "I run bread."

Mo mọ ohun tó ń wí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ilé búrẹ́dì lẹ ní?" Ó mi orí. Ó ní òun "run" ilé búrẹ́dì, bàbá òun "run" un, ọmọ òun náà bá òun "run" un. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun níwájú wa, kó lè yé wa. Ó ní lọ́jọ́ kan, ogun dé. Gbogbo wọn "run". Ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀ tó ti kún fún omi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ojú òun náà tún ti ń "run" báyìí.

Ẹ̀yin ará ilé, kò sí àwòrán kan nínú ìwé mi tó lè ṣe ohun tí bàbá yẹn ṣe. Selam ò dúró kí n bi òun. Ó ní nínú ọkọ̀ ojú omi, inú òun ń "run" láti àárọ̀ dálẹ́. Ẹ̀rín sọ, bàbá gan-an rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní bọ́ọ̀sì kì í "run" ládùúgbò òun, ìdí tí òun fi ń pẹ́ nìyẹn. Ẹnì kan ní ìyá òun ló "run" gbogbo ilé, bàbá kàn ń jókòó ni. Wọ́n ń já a gbà lẹ́nu ara wọn. Èmi ò ṣe ju kí n máa kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, kí n máa tún ibi tó wọ́ ṣe. Bọ́ọ̀dù kún, mo kọ ọ́ sí etí rẹ̀. Ìwé ètò mi wà lórí tábìlì, n ò wò ó mọ́. Nígbà tí agogo lù, kò sẹ́ni tó dìde.

Ìgbà tí wọ́n jáde tán ni àyà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá já. Mo ti kúnlẹ̀. Mo ti sọ Yorùbá. Mo ti fi ìwé ètò sílẹ̀. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún dáadáa.

Lọ́sàn-án, wọ́n pè mí. Obìnrin aago ni mo bá, òun nìkan. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi kúnlẹ̀. Mo ti rò ó pé n ó bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ojú mi ti gbẹ. Mo ní, "Màdáàmù, bí mo bá fi àgbà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìkí i, n ò lójú tí n ó fi kọ́ ọ ní nǹkan kan." Ó wò mí. Ó ní òun máa yọ máàkì díẹ̀ lára tèmi nítorí ìwé ètò. Ó tún ní nínú gbogbo àwọn tí òun ti dán wò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, òun ò tíì rí kíláàsì tó sọ̀rọ̀ tó báyìí rí, pé èmi ni mo gba ipò kìíní.

Mo pariwo! N kò bò ó mọ́lẹ̀. Mo di obìnrin náà mọ́ra, mo tú u sílẹ̀, mo tún dì í. Mo jó jáde síta nínú òjò. Helen gbá mi mú, òun náà ń sunkún. Mo lọ bá Bàbá Yusuf níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo sọ fún un pé òun ló mú mi yege. Ó ní, "You, teacher." Ó lu àyà rẹ̀. "Me, teacher." Òótọ́ ló sọ.

Nílé

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí mo ti dé Àkúrẹ́, tí ooru gbá mi mú, tí mo gbọ́ ariwo ọ̀kadà àti ti àwọn ọmọ tó ń ta omi, orí mi wú. Ìyá ọkọ mi sáré jáde, ó ní, "Ẹ wá o, uyàwó wa ti dé ulé!" U tí àwọn ará Àkúrẹ́ ń fi síwájú ọ̀rọ̀ yẹn, tí mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó dùn létí mi bí orin. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú wá kí mi, ó gbé mọ́ọ̀tì páálí kan dání, ó dọ̀bálẹ̀ láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò tètè dìde, mo sì mọ̀ pé ó ti inú rẹ̀ wá. Ní Oǹdó, ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní ṣé wọ́n sì fún bàbá arúgbó yẹn lóúnjẹ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbọ̀ngàn kan ní Àkúrẹ́ ni wọ́n kó wa sí. Àwọn olùkọ́ wá láti Ọ̀wọ̀, láti Ìkàrẹ́, láti Òkìtìpupa, láti Ìta-Ògbólú nítòsí wa níbí. Mo wo ojú wọn, mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹni tó bá ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì jẹun mọ ìbẹ̀rù yẹn, pé bí òun bá la ẹnu, ẹlẹgbẹ́ òun á rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n di báírò mú, wọ́n ń dúró kí n wá sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń sọ láti ọjọ́ yìí kò dáa.

N kò kọ nǹkan kan sójú bọ́ọ̀dù. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìlà iwájú, mo ń kí wọn níkọ̀ọ̀kan. Mo béèrè orúkọ, mo béèrè ìlú, mo béèrè àwọn ọmọ ilé ìwé wọn, mo ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tó bá ti wà lẹ́nu wọn dá mi lóhùn, bó ṣe wù kó rí. Ọ̀gá tí wọ́n fi ṣọ́ wa ń wo aago. Mo jẹ́ kó máa wò ó. Ẹni tó wá láti Òkìtìpupa sọ tirẹ̀ pẹ̀lú ohùn Ìkálẹ̀, ẹni tó wá láti Ìkàrẹ́ sọ tirẹ̀ bí Àkókó. Ìyá kan láti Ìta-Ògbólú, tó máa fẹ̀yìn tì láìpẹ́, dìde, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ ó dúró, ó tún sọ. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, kò sì fẹ́ jókòó mọ́.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ariwo Gẹ̀ẹ́sì wa ti gba gbogbo ọgbà. Akọ̀wé kan wá láti ọ́fíìsì kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹ jọ̀ọ́ màdáàmù, ṣé ẹ lè ní kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀. Mo wò wọ́n, gbogbo wọn ti ń wò mí.

Mo ní, "Ẹ má bínú, ọmọ mi. A ò ní rọra."